Ìyálé, Alùpùpù Bàbá Mi, àti Ẹni Tí Mo Há A Fún

Èmi, Kánmọ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí olóògbé Mẹkáníìkì Àgbà bí, àbúrò Bọ̀dá Sípánà, àti láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ìyàwó Ọlọ́dà, ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ, nítorí ó dùn ún kọ: ìyàwó Ọlọ́dà. Orí mi pé. Ara mi le. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi, kò sì sí ẹni tó fún mi ní nǹkan mu ju tíì lọ. Bí ẹ bá rí i pé ìwé yìí ń sáré, tí ó ń fò láti orí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sórí òmíràn, kì í ṣe ọpọlọ ló dàrú, ayọ̀ ló pọ̀ jù.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kú. Ta ni yóò ṣe ìyàwó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí yóò máa ronú ikú? Òfin ibí ló fà á. Ìpàdé àwọn alùpùpù ìje àtijọ́ ni a wá, ní pápá eré kan tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi. Òfin wọn ni pé alùpùpù tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún kò gbọdọ̀ wọ ojú ọ̀nà ìje láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín ti kọ ẹni tí yóò jogún rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin kan gbé tirẹ̀ sí ṣẹ́ẹ̀dì wọn nígbà kan rí, ó lọ sílé, ó sùn, kò jí mọ́. Ìdílé mẹ́ta sì ń jà lórí alùpùpù náà títí ó fi dógùn-ún tán.

Àwọn tó kù kọ ìlà kan, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n lọ. Èmi ti béèrè fún ìwé ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Akọ̀wé ìpàdé, bàbá onísùúrù kan tí mo jókòó sí àgọ́ wọn, wò mí láti òkè awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé ìwé ìtàn lẹ ń kọ ni?" Mo ní kí wọ́n má bínú. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ṣì kù kí wọ́n tó pe àwọn nọ́ńbà tiwa.

Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ nìyí: Àǹtí mi, tí í ṣe àbúrò bàbá mi, ọkọ mi, àti ẹ̀yin Bọ̀dá mi, tí ẹ kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ sí jù.

ABALA KÌÍNÍ. Mo yan Àǹtí mi, tí wọ́n ń ta tíì àti búrẹ́dì nínú àgọ́ ẹnu géètì, ní alábòójútó ìwé yìí.

Mo yàn wọ́n nítorí n kò tíì rí ẹni tó bá wọn jiyàn tó jàre. Bàbá mi fúnra wọn gbìyànjú rẹ̀ fún ogójì ọdún. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú Ọlọ́dà wá sílé, Àǹtí wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n rí ọ̀dà àwọ̀ mẹ́rin lára ṣòkòtò rẹ̀, wọ́n bi mí pé, "Èwo lo mú wá yìí, ọkọ ni àbí ògiri?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu oúnjẹ kún àwo rẹ̀ títí kò fi rí iwájú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti gbà á.

ABALA KEJÌ. Mo há ológbò mi, Gásíkẹ́ẹ̀tì, fún Àǹtí kan náà.

Ẹ má wulẹ̀ máa wá a kiri. Ibi tí ẹ́ńjìnnì kan bá ti ń tutù lọ́wọ́, ibẹ̀ lẹ ó ti bá a, orí rẹ̀ ni yóò dùbúlẹ̀ sí. Ó kórìíra omi, ó kórìíra ajá, ó sì kórìíra ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo ní pápá yìí. Lórí ti ìkẹyìn yìí, ohùn èmi àti rẹ̀ ṣọ̀kan.

ABALA KẸTA. Ìdajì ilé iṣẹ́ bàbá mi tó jẹ́ tèmi, láti ibi fáìsì tí a fi ń di irin mú títí dé ojú fèrèsé, pẹ̀lú yàrá òkè tó wà lórí rẹ̀, mo há a fún ọkọ mi.

Yàrá yẹn kò fẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń wọ bàtà, èkejì ní láti gun orí ibùsùn. Àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlá, ìkejìlá ń han bí ewúrẹ́. Òórùn òróró lárà tí àwọn ẹ́ńjìnnì ìje àtijọ́ ń mu máa ń gba ihò pákó gòkè wá bá wa láàárọ̀, àwọn aládùúgbò ń bú wa, ọkọ mi á fa imú, á ní òórùn ìgbéyàwó nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré la ti jọ ń gbé ibẹ̀. Bí wọ́n bá fi ààfin lọ̀ mí, màá kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá àtẹ̀gùn rẹ̀ ń han.

ABALA KẸRIN. Gbogbo sípánà bàbá wa, àti pátákó ara ògiri tí wọ́n ya òjìji sípánà kọ̀ọ̀kan sí kí a lè mọ èyí tó bá sọnù, mo há ìpín tèmi nínú wọn fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀dá Sípánà.

Bọ̀dá mi, ẹ rántí òjìji kẹrìnlá tó ti ṣófo láti ọdún mọ́kànlá? Ẹ rántí oníbàárà tí ẹ lé dé ìkóríta, tí kò padà wá mọ́? Kì í ṣe òun. Èmi ni. Mo fi sípánà náà gbé fèrèsé yàrá mi sókè kí Gásíkẹ́ẹ̀tì lè máa wọlé, ó sì bọ́ sínú kànga ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ bó ṣe ró nínú omi. Mo bá yín wá a fún ọjọ́ mẹ́ta, mo tún ń bú oníbàárà náà ju bí ẹ ṣe ń bú u lọ. Ẹ dárí jì mí. Ẹ sì wá ọkùnrin náà lọ, bó bá ṣì wà láyé.

ABALA KARÙN-ÚN. Alùpùpù ìje bàbá mi, tí gbogbo àgọ́ yìí ń pè ní Ìyálé, pẹ̀lú táyà rẹ̀, ṣéènì rẹ̀, púlọ́ọ̀gì mẹ́ta tó kù nínú páálí, àti ìwé tí bàbá mi ń kọ ìṣesí rẹ̀ sí, mo há a fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀dá Sípánà, kí ẹnikẹ́ni má bá a du ú.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Ìyálé. Dúdú àti pupa ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ga bí ẹni tó kàwé. Kò ní iná, kò ní fèrè, kò ní ohun tí a ń tapá sí kó tó jí. Títì la ń tì í. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ó dúró ní àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí kóríko níta. Bàbá àgbàlagbà kan ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Àwọn olùwòran ń kọjá, wọ́n ń béèrè ohun kan náà: "Ṣé ó ṣì ń rìn?" Ṣé wọ́n máa ń bi ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ ni?

Ọkọ mi ló sọ ọ́ ní Ìyálé. Ó ní kí òun tó dé ló ti wà nínú ilé, alùpùpù ló ni yàrá ìsàlẹ̀, alùpùpù ni mo kọ́kọ́ ń kí láàárọ̀. Ó ní òun gbà, òun ni ìyàwó kékeré, kí a ṣáà má jẹ́ kí ìyálé na òun. Ìdí Ìyálé náà la sì ti pàdé, lọ́dún méjì sẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkun ilé àti kíkọ pátákó ìta. A pè é kó wá fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà ìje sí iwájú alùpùpù. Nọ́ńbà ẹyọ méjì péré, ó gbà á ní odindi ọ̀sán. Mẹ́rin rẹ̀ gún bí ọ̀pá. Méje rẹ̀ wọ́, nítorí ìgbà tó dé orí méje ni mo gbé omi wá fún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n wọ inú ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń sáré ìje lórí irú alùpùpù yìí kì í jókòó gangan. Yóò na ara rẹ̀ lé e ni, yóò fi àgbọ̀n lé orí táńkì epo kí atẹ́gùn lè gba òkè orí rẹ̀ kọjá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá mi fi ṣe bẹ́ẹ̀, títí àgbọ̀n wọn fi họ ọ̀dà kúrò lórí táńkì náà, ó ku irin lásán, ojú ibẹ̀ ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ìkókó lọ. Láàárín àwa tó ń tọ́jú alùpùpù àtijọ́, ohun tó níyì jù lára wọn ni irú àpá bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà tuntun wà lọ́jà. Àgbọ̀n bàbá ẹni kò sí lọ́jà.

Ọkọ mi kò mọ̀. Bí ọlọ́dà bá rí ibi tí ọ̀dà ti bó, bí ìgbà tó rí ọmọ tó ṣubú ni. Ó rò ó pé, ṣé táńkì tó pá lórí ni ìyàwó òun yóò gùn lọ sójú gbogbo ayé? Lọ́jọ́ tí mo lọ wọn aṣọ ìgbéyàwó, ó yọ táńkì náà, ó fi sáńpépà fá a mọ́, ó kun ún lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ìlà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká. Ó fi aṣọ funfun bò ó, ó ní kí n ṣí i. Mo ṣí i, mo sì figbe ta. Ọkùnrin náà rò pé ayọ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. N kò lè sọ fún un. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń ròyìn fún gbogbo àdúgbò bí mo ṣe ké nítorí inú mi dùn.

Bọ̀dá mi, ọjọ́ kẹta lẹ wọlé. Ẹ wò ó. Ẹ gbé sípánà ọwọ́ yín sílẹ̀ jẹ́jẹ́, èyí tó bà mí lẹ́rù ju kí ẹ jù ú lọ. Ẹ ní, "Kánmọ́, bàbá wa kú lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ rẹ ti tún wọn pa." Ẹ ní Ìyálé ti di ère, kí a gbé e fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n tì í mọ́nú gíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má gùn ún mọ́. Èmi náà fèsì, ẹ sì jáde. Èsì yẹn wà ní abala tó kàn.

Ìgbà yẹn ni Ọlọ́dà tó mọ ohun tó ṣe. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì. Ó ní, "Ṣé kí n fi sáńpépà họ ibẹ̀ padà ni? Mo rántí bó ṣe rí." Ẹkún wà lójú mi, ni ẹ̀rín bá gbé mi. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di fáìsì mú. Òun náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ ba nǹkan rẹ jẹ́ nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ, tó tún ṣe tán láti fi gbogbo ọkàn rẹ̀ bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì kó lè tù ọ́ nínú, kí lo tún ń wá kiri? Mo fẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n Ìyálé, mo há a fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ kó wọ inú gíláàsì, ẹ gbé e wọ̀ ọ́. Ẹ ti lẹ́tọ̀ọ́ sí i jù mí lọ.

ABALA KẸFÀ. Gbèsè mi. N kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ọ̀rọ̀ ni mo jẹ, ẹ̀gbọ́n mi sì ni mo jẹ ẹ́.

Ohun tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà ni pé, "Kí ló kàn yín? Ẹ̀yin tí ẹ kò gùn ún rí! Títì lásán lẹ mọ̀ ọ́n tì." Ẹyin lohùn, mo rí bó ṣe fọ́ lójú yín kí ẹ tó yíjú padà.

Títì lásán kọ́. Ẹni tó wà lórí alùpùpù yóò di kílọ́ọ̀ṣì mú kí táyà lè yí láìfa ẹ́ńjìnnì, ẹni ẹ̀yìn yóò sáré tì í. Ó ní ibi tí eré náà gbọ́dọ̀ dé. Kò gbọdọ̀ kù, kò gbọdọ̀ lé. Ibẹ̀ ni ẹni ẹ̀yìn yóò ti kígbe pé "Jù ú!" tí ẹni iwájú yóò jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, tí ẹ́ńjìnnì yóò bú sẹ́kún. Ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí ọjọ́ kan tí Ìyálé kọ̀ láti jí fún bàbá wa. Wọ́n sọ fún mi lórí ibùsùn àìsàn pé lábẹ́ akoto àwọn kì í gbọ́ ariwo èrò, àwọn kì í gbọ́ ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn, ohùn yín nìkan làwọn ń dúró dè. Mo mọ èyí, mo sì sọ ohun tí mo sọ.

Lánàá, ọkọ mi ló tì mí kí a fi dánra wò. Ní àkọ́kọ́, ẹ̀yìn mi ló tì dípò ìjókòó alùpùpù, mo sì kúrò lórí rẹ̀ kó tó gbéra. Lẹ́ẹ̀kejì, ó kígbe "Jù ú!" kí a tó rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàtà rẹ̀ kan bọ́, ó sì padà lọ mú un. Gbogbo àgọ́ pàtẹ́wọ́ fún wa. Lónìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fún alùpùpù kọ̀ọ̀kan: bí kò bá jí kó tó dé ìlà funfun, wọ́n á fi ọwọ́ tì í padà sórí kóríko, ó parí.

N kò bẹ̀ yín nítorí ìlà funfun. Kí Ìyálé sùn sí ìdí ìlà bó bá wù ú. Bọ̀dá mi, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ni mo ń wí. Níbi ìgbéyàwó mi, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ jẹ kéèkì ègé méjì, ẹ kò kí mi. Mo rí yín. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fò, gbogbo ènìyàn ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo ń wò.

ABALA KEJE. Awò ojú tí bàbá mi fi ń sáré ìje, mo há a fún ọkọ mi, kó máa lò ó bó bá ń kun òkè ilé, kí ọ̀dà má baà ta sí i lójú.

Mo tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fi táńkì bú u mọ́ lẹ́yìn mi. Bí mo bá ṣáájú rẹ̀ lọ, ó lè fẹ́ ẹlòmíràn. N kì í ṣe òǹrorò. Kó ṣáà má kọ nọ́ńbà fún un.

ABALA KẸJỌ. Àtúnṣe, tí a ṣe kí a tó fọwọ́ sí ìwé.

Mo rò pé mo ti parí. Akọ̀wé ìpàdé kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín níbi ológbò, wọ́n ní ó ku ẹlẹ́rìí méjì. Wọ́n ní ẹni tí a bá há ohunkóhun fún kò lè ṣe ẹlẹ́rìí. Bó bá fọwọ́ sí i pẹ́nrẹ́n, ohun tí a há fún un ti bọ́ nìyẹn. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn yóò ṣe ọ̀kan. Ta ni èkejì? Àǹtí mi kò lè ṣe é. Ogún Gásíkẹ́ẹ̀tì ti gba bírò lọ́wọ́ wọn. Ọkọ mi kò lè ṣe é. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ti ń ti alùpùpù wọn lọ sẹ́nu ìlà, ọkùnrin ẹlẹ́rọ gbohùngbohùn sì ti ń pe àwọn nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ láti ogójì.

Ni ẹ bá wọlé, Bọ̀dá mi. Akọ̀wé ní ohun tí a bá yí padà, kí n kọ bó ṣe jẹ́, nítorí náà mo ń kọ ọ́. Ẹ kò wò mí. Àǹtí ló rán yín, ẹ ní wọ́n ní ìwé kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kà. Ẹ kà á lórí ìdúró. Òróró ìka yín wà ní etí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan báyìí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó dọ̀tí. Níbi kànga, ẹ pòṣé. Níbi abala kẹfà, ẹ dúró pẹ́. Mo rí i pé ojú yín padà sókè, ẹ tún un kà. Lẹ́yìn náà ẹ nawọ́, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní bírò.

Akọ̀wé sáré dá yín lẹ́kun. "Ẹ rọra o! Ẹ̀yin la há alùpùpù fún. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ó bọ́ lọ́wọ́ yín."

Ẹ ní, "Níbo lẹ ti gbọ́ ọ rí, kí ẹ̀gbọ́n máa dúró de ogún àbúrò? Ṣé mo ya wèrè ni? Sípánà yẹn, tèmi ni tẹ́lẹ̀. Alùpùpù, ẹ kọ ọkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó fá bàbá wa lágbọ̀n ni kó máa tọ́jú rẹ̀."

Ọkọ mi, tó dúró sẹ́nu àgọ́, tó gbá akoto mi mọ́ra bí ẹni gbé ẹyin, ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá."

Ẹ ní, "Má dúpẹ́. Kí n má tún rí búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ nítòsí rẹ̀. Èmi àti ìwọ ni."

Nítorí náà mo fi ìlà pa abala kẹrin àti ìkarùn-ún rẹ́. Àwọn sípánà ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ni wọ́n. Ìyálé, mo há a fún ọkọ mi, Ọlọ́dà. Ọ̀rọ̀ gíláàsì, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́.

Bọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá èmi gan-an sọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé, mo kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè wà nínú ìwé òfin: "Kánmọ́, dìde. Wọ́n ń pè wá."

Mo fọwọ́ sí i lórí ìdúró, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ awọ lọ́wọ́ kan:
Kánmọ́, ìyàwó Ọlọ́dà

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án, agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Akọ̀wé ìpàdé.

Ẹlẹ́rìí kejì: Bọ̀dá Sípánà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò jogún nǹkan kan.